ÌRÒYÌN KÒ TÓ ÀFOJÚBÀ: BÍ A ṢE MỌ Ọ̀NÀ TÍ KÚKÙÚ Ń GBÀ RÍ ÌTẸ́ ẸLÒMÍRÀN

Ìfáàrà

Igi ọ̀pẹ mẹ́ta kan wà ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, tí àwọn ẹ̀gà ti sọ di ìlú. Ariwo wọn a máa bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń ka àyọkà kan lórí àwọn ẹyẹ, mo sọ fún kíláàsì mi pé ẹyẹ kan wà tí kì í kọ́ ìtẹ́, tí kì í sàba, tí kì í sì í bọ́ ọmọ. Pé inú ìtẹ́ àwọn ẹyẹ mìíràn, títí kan ìtẹ́ ẹ̀gà, ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń yé ẹyin sí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó ń fi ìtẹ́ náà hàn án?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò ní ìdáhùn lẹ́nu.

Nígbà tí mo wá ìdáhùn náà lọ, mo rí i pé ìbéèrè ọmọ náà ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ láyé, àti pé ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ó ti fi ẹnu lásán dáhùn rẹ̀ kí ẹnì kan tó lọ jókòó sínú koríko láti wò ó. Ìtàn bí ìdáhùn náà ṣe jáde ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Mo gbà pé yóò wúlò fún àwa olùkọ́ àti fún àwọn tí ń múra ìdánwò, nítorí pé ó fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a rí hàn kedere.

Irú ẹyẹ tí à ń sọ

Nínú nǹkan bí 10,000 irú ẹyẹ tí ó wà láyé, nǹkan bí 100 ni ó jẹ́ pé ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn nìkan ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cuckoo, tí a ó máa pè ní kúkùú níhìn-ín. Igbe ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀lúlùú ni mò ń wí o. Òótọ́ ni pé ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ka ẹ̀lúlùú àti kúkùú sí, ṣùgbọ́n ẹ̀lúlùú a máa kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀, a sì máa tọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń hu ìwà kúkùú ní sàkáání wa ni ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí a mọ̀ sí Diederik nínú ìwé. Òun ni ó ń yé ẹyin sí ìtẹ́ àwọn ẹ̀gà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ tí ó wà níwájú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ti le tó. Rírí ìtẹ́ nìkan kò tó. Bí ó bá yé ẹyin sínú ìtẹ́ kí onítẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé tirẹ̀, onítẹ́ yóò fura, yóò sì dà á nù tàbí kí ó kọ ìtẹ́ náà sílẹ̀. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, tí onítẹ́ ti ń sàba láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ onítẹ́ yóò ti jáde kí tirẹ̀ tó pa, iṣẹ́ á sì ti bàjẹ́. Nítorí náà, ó ní láti mọ ibi tí ìtẹ́ wà, kí ó sì mọ ọjọ́ tí ó tọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti rú àwọn ènìyàn lójú nìyí.

Ohun tí àwọn ará àtijọ́ sọ

Ní ọ̀rúndún kẹrin kí a tó bí Jésù, Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ìtẹ́ àwọn ẹyẹ mìíràn ni kúkùú ń yé ẹyin sí. Ó tún kọ ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà gbàgbọ́: wọ́n ní àṣá ni ó ń yí padà di kúkùú, nítorí pé nígbà tí kúkùú bá yọjú, a kì í sábà rí àṣá tí ó jọ ọ́ mọ́. Aristotle kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní èékánná àti orí kúkùú kò jọ ti àṣá, àti pé a ti rí i tí àṣá ń pa kúkùú jẹ, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kì í pa irú ara rẹ̀ jẹ. Ó fi ohun tí ojú rí bi ohun tí ẹnu sọ ṣubú. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àṣá yìí sọ́kàn. A ó tún padà bá a níwájú.

Lẹ́yìn Aristotle, ó tó ìgbà pípẹ́ gan-an kí ìmọ̀ tó kún. Láàrin 1781 sí 1784, ará Faransé kan tí ń jẹ́ François Levaillant rìn káàkiri gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà láti kó ẹyẹ jọ. Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Khoikhoi kan tí ń jẹ́ Klaas, ni ó ń bá a rìn nínú igbó. Levaillant kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun ya ẹnu abo Diederik kan tí òun yìnbọn pa, òun bá ẹyin lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ní èyí fi hàn pé ẹnu ni ẹyẹ náà fi ń gbé ẹyin rẹ̀ lọ sí ìtẹ́ olóhun. Ohun tí ó rí kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni a ó yẹ̀ wò. Kí a tó kúrò lórí rẹ̀, ó yẹ kí a yìn ín fún ohun kan: ó fi orúkọ Klaas sọ irú kúkùú kan lórúkọ, ẹyẹ náà sì ń jẹ́ kúkùú Klaas títí di òní. Àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà kì í sábà fi irú ọlá bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ tí ó mú wọn mọ igbó.

Dókítà tí ó tún ìwé rẹ̀ kọ

Ẹni tí ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ni Edward Jenner, dókítà kan ní Berkeley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ yìí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa. Òun ni ó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára dojú kọ àrùn ìgbóná ní 1796, àrùn tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ agboolé di ahoro ní ilẹ̀ Yorùbá, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Kí ó tó di olókìkí nípa ti ìgbóná, kúkùú ni ó kọ́kọ́ wádìí.

Ní 1787, Jenner kọ ìwé kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Royal Society, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní àwọn ẹyẹ tí ó ni ìtẹ́ ni wọ́n ń ti ọmọ ara wọn dànù kí àyè lè gba ọmọ kúkùú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó lọ wo ìtẹ́ kan, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọmọ kúkùú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ojú rẹ̀ kò tí ì là, ni ó gbé ọmọ onítẹ́ pọ̀n sí kòtò ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó fi ẹ̀yìn gun etí ìtẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì gbọ̀n ọ́n dànù. Jenner gba ìwé rẹ̀ padà, ó sì tún un kọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1788. Àwọn kan pè é ní alálàá, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó sọ, àwòrán sì gbè é lẹ́yìn ní ọ̀rúndún ogún.

Jenner ti sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyin ti wọ ìtẹ́. Bí ìyá kúkùú ṣe ń dé ìdí ìtẹ́ ni ó ṣì wà nínú òkùnkùn.

Àríyànjiyàn lórí ẹnu àti ìdí

Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Jenner, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní ilẹ̀ ni kúkùú ń yé ẹyin sí, pé lẹ́yìn náà ni ó ń fi ẹnu gbé e kiri títí yóò fi rí ìtẹ́. Àwọn kejì ní tààrà ni ó ń yé e sínú ìtẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ gbogbo ti ń ṣe.

Ẹ̀rí àwọn ti àkọ́kọ́ kò kéré. Àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́dẹ ti rí kúkùú tí ó ń fò lọ pẹ̀lú ẹyin lẹ́nu. Wọ́n ti rí ẹyin kúkùú nínú ìtẹ́ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Bí a bá sì tún fi ọ̀rọ̀ Levaillant kún un, ó dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Àríyànjiyàn yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìdí lásán lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kúkùú ń gbé ẹyin kiri ni, a jẹ́ pé alákiri ni, tí ó gbé ọjà rù kí ó tó mọ ẹni tí yóò rà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé tààrà ni ó ń yé e sínú ìtẹ́, láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a jẹ́ pé ó ti mọ ìtẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ó ti mọ ọ̀nà rẹ̀, ó sì ti mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí òun wá. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ẹyin gbà wọ ìtẹ́ ni yóò mọ bí a ṣe rí ìtẹ́.

Edgar Chance lórí pápá Pound Green

Ẹni tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Oníṣòwò ni Edgar Chance, kíkó ẹyin ẹyẹ jọ ni ó sì fẹ́ràn jù láyé. Ní 1918, ó yan pápá gbalasa kan tí ń jẹ́ Pound Green Common, lẹ́bàá igbó Wyre ní Worcestershire. Ẹyẹ kékeré kan tí ń jẹ́ meadow pipit, tí a ó máa pè ní pípìtì, pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ni pípìtì ń tẹ́ ìtẹ́ sí, ní ìdí koríko, ó sì máa ń fi í pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìrí i.

Chance àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ìtẹ́ pípìtì tí ó wà lórí pápá náà, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ tí ẹyin kọ̀ọ̀kan wọ ìtẹ́ sílẹ̀. Níwọ̀n bí ẹyin abo kúkùú kan kò ti í yàtọ̀ síra wọn ní àwọ̀ àti àmì, ó ṣeé ṣe fún un láti mọ èyí tí ó jẹ́ ti abo kan pàtó. Abo kan ṣoṣo yìí ni ó ṣọ́ fún ọdún márùn-ún, láti 1918 títí di 1922.

Kí ni ó rí? Ó rí i pé abo náà a máa bà lé orí igi lẹ́bàá pápá, a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ń sinmi ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, lára àwọn pípìtì. Bí pípìtì bá já koríko gbígbẹ sẹ́nu tí ó fò lọ sí ibì kan, kúkùú ń wò ó. Bí ó bá tún padà síbẹ̀ pẹ̀lú koríko mìíràn, kúkùú ti mọ̀. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹni tí ń kọ́lé ni ó ń fi ilé náà hàn. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́, kúkùú yóò fò wálẹ̀ láti orí igi rẹ̀ tààrà sí ìdí ìtẹ́ tí ó ti ń ṣọ́. Ní ọjọ́ méjì-méjì ni ó sì ń yé ẹyin kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Chance ti mọ èyí, ó dán ohun kan wò. Bí ẹyin pípìtì kan bá ti dàgbà jù fún kúkùú, yóò kó wọn kúrò. Pípìtì yóò tún ìtẹ́ mìíràn tẹ́, kúkùú yóò tún rí ibi yé sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń pèsè ìtẹ́ fún un lẹ́sẹẹsẹ, títí abo náà fi yé ẹyin 25 ní 1922. Ó wá mọ ìṣe ẹyẹ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ ṣáájú pé ìtẹ́ báyìí ni yóò yé sí ní ọjọ́ báyìí.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù ni sinimá. Ní 1921, Oliver Pike, ayàwòrán ẹyẹ, gbé kámẹ́rà sínú ibùba tí wọ́n ṣe lẹ́bàá àwọn ìtẹ́. Ní 1922, Chance gbé ìwé rẹ̀, The Cuckoo's Secret, jáde, wọ́n sì fi sinimá tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà han aráyé. Gbogbo ènìyàn rí i: kúkùú fò wálẹ̀, ó fi ẹnu mú ẹyin pípìtì kan, ó jókòó lé ìtẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì fò lọ. Ẹyin rẹ̀ wà nínú ìtẹ́. Ẹyin pípìtì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ohun tí àwọn àgbẹ̀ rí ti di mímọ̀. Òótọ́ ni pé kúkùú gbé ẹyin lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹyin olóhun tí ó jí ni. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé irú rẹ̀ náà ni Levaillant bá lọ́nà ọ̀fun Diederik. Ní ti ìtẹ́ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tóóró, àlàyé Chance ni pé kúkùú ń fi ara lẹ ẹnu ọ̀nà náà, tí yóò sì yé ẹyin wọ inú rẹ̀ láti ìta.

Kò yẹ kí a fi abẹ́ òtítọ́ pamọ́ nípa Chance. Kíkó tí ó ń kó ẹyin ba ọ̀pọ̀ ìtẹ́ jẹ́, ìfẹ́ ẹyin yìí náà ni ó sì kó bá a. Ní 1926, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹyin ẹyẹ tí òfin dáàbò bò, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ìmọ̀ tí ó fún wa dára. Ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ó fi kọ́ ọmọ.

Ohun tí ìwádìí ẹ̀yìn wá fi kún un

Láti 1985, Nick Davies àti Michael Brooke bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní irà Wicken Fen, lẹ́bàá Cambridge, lórí àwọn kúkùú tí ń yé ẹyin sí ìtẹ́ ẹyẹ inú esùsú. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni kúkùú ń lò ní ìdí ìtẹ́. Ìwádìí àwọn mìíràn ní Yúróòpù sì fi hàn pé ìtẹ́ tí ó súnmọ́ igi, níbi tí kúkùú ti lè jókòó ṣọ́, ni ó máa ń kó sí i lọ́wọ́ jù. Èyí bá ohun tí Chance rí mu.

Ọ̀rọ̀ àṣá tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ní 2008, Davies àti Justin Welbergen fi hàn pé àwọn ẹyẹ kéékèèké a máa bẹ̀rù kúkùú nítorí ìlà àyà rẹ̀ tí ó jọ ti àṣá. Ní 2017, Davies àti Jennifer York tún fi hàn pé igbe tí abo kúkùú ń ké lẹ́yìn tí ó bá yé ẹyin tán jọ ti àṣá. Onítẹ́ á gbọ́ ọ, ẹ̀rù ara rẹ̀ á bà á, kò sì ní ráyè wo inú ìtẹ́ dáadáa. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ṣì í sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí kì í ṣe lásán.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹyẹ tí ń jẹ́ cowbird, tí ó ń tẹ̀lé agbo màlúù, ní irú ìwà yìí. Òun náà a máa jókòó lórí igi ṣọ́ àwọn tí ń kọ́ ìtẹ́. A sì tún máa fi ariwo fò wọ inú igbó kí onítẹ́ lè ta jáde kí àṣírí sì tú. Ìwádìí kan ní 1993 fi hàn pé apá ọpọlọ tí a fi ń rántí ibi tóbi lára abo rẹ̀ ju ti akọ lọ, nítorí pé abo ni ó ń rántí ìtẹ́. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti Illinois, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Níbi tí àwọn olùwádìí ti yọ ẹyin cowbird kúrò nínú ìtẹ́, 56 nínú 100 irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a bà jẹ́. Níbi tí wọ́n fi í sílẹ̀, 6 péré nínú 100 ni. Cowbird padà wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbẹ̀san. Nígbà tí onítẹ́ bá sì tún ìtẹ́ mìíràn kọ́, ó tún ń rí ibi yé sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Chance ṣe fún àwọn pípìtì ní Pound Green. Ẹyẹ ti mọ ọgbọ́n náà kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni kúkùú fi rí ìtẹ́, tí Chance sì fi rí àṣírí kúkùú: wọ́n jókòó, wọ́n wò. Aristotle já irọ́ nítorí pé ó béèrè ohun tí a rí. Jenner tún ìwé rẹ̀ kọ nítorí pé ojú rẹ̀ tako ọwọ́ rẹ̀. Ìwà yìí ni mo ń fẹ́ kí àwọn tí ń múra ìdánwò mú dání, nítorí pé ẹni tí ó bá ń há àròkọ ẹlòmíràn sórí, ẹyin tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń sàba lé.

Iṣẹ́ sì wà fún wa nílé. Àwọn ọlọ́dẹ àti àgbẹ̀ wa ti ń wo ẹyẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n mọ ẹyẹ tí ń ké kí òjò tó rọ̀, wọ́n mọ èyí tí ń kọ́ ìtẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ agbọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ìwé, bí wọ́n sì ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń bá wọn wọ ilẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ irú àgbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò ti ṣe iṣẹ́ tí ó ju àyọkà lọ.

Mo padà fún ọmọ náà lésì ní kíláàsì. Mo ní, "O béèrè pé ta ni ó ń fi ìtẹ́ hàn án. Onítẹ́ fúnra rẹ̀ ni, nígbà tí ó ń gbé koríko." Kò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní àkókò ìsinmi, mo rí i ní abẹ́ ọ̀pẹ, òun àti ẹnì kejì rẹ̀, tí wọ́n gbé ojú sókè sí àwọn ẹ̀gà, tí wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀.